Tòbí Màmá Mi ní Èbúté Sípéènì

Ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi èmi àti màmá mi sílẹ̀ sí Sípéènì ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé.

Èmi ni mo mú màmá mi, tó ń ta aṣọ ní Kẹ́mta, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ṣe afẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ wa gúnlẹ̀, wọ́n sì ní kí gbogbo èrò padà kí aago mẹ́rin tó lù. Mo rí i pé màmá mi wọ tòbí tó fi ń tọ́jú owó lọ́jà sábẹ́ ìró.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ. Àwọn òyìnbó á máa wò wá."

"Ṣé wọ́n ń rí abẹ́ ìró mi ni?"

A rajà títí, a sì fi takisí sáré padà. Takisí náà ti lọ kí n tó rántí báàgì mi. Ibẹ̀ ni mo kó páásípọ̀ọ̀tù àti káàdì ìwọlé wa sí! Ọkọ̀ fọn fèrè. Mo bú sẹ́kún.

Màmá mi kọ̀yìn sí ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìró, ó sì kó gbogbo rẹ̀ jáde.

"Ìgbà tí o ń wọ bàtà wò ní ṣọ́ọ̀bù ni mo kó wọn. O gbé báàgì sílẹ̀, o ò wẹ̀yìn!"

Àwọn èrò tó ń wò wá láti òkè ọkọ̀ pàtẹ́wọ́. Màmá mi juwọ́ sí wọn bí olorì.

Nígbà tí a délé, mo ní kí màmá mi rán tòbí fún èmi náà. Ó ti rán an tipẹ́. Èmi ló ń dúró dè.