Alága Tí Wọ́n Fi Ìfẹnukonu Yàn

Owó oṣù àkọ́kọ́ tí mo gbà lẹ́yìn tí mo jáde yunifásítì, tí mo fi ra bàtà tuntun, tí mo fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá mi nílé, tí ó sì tún ṣẹ́kù sí mi lápò, omi inú ọ̀rá méjì péré ni yóò rà lónìí ní Wharf Road. Mo sọ ọ́ fún obìnrin tó ń ta omi náà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mi ò ní ṣéńjì."

Nígbà èwe wa, àwo ìrẹsì kan pẹ̀lú ẹran tó hàn sójú, sísì ni, lẹ́nu géètì èbúté. Toro ni ọkọ̀ láti Àpápá dé Ajégúnlẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá ń dun ènìyàn. Bí kò bá dùn ún, a ó fi ẹsẹ̀ náà rìn, a ó sì fi toro ra ẹ̀pà jẹ lójú ọ̀nà. Lónìí, ẹ̀pà inú ìgò ti di ohun tí a lè gbé lọ kí àna. Ìbò nìkan ni mo rí tí owó rẹ̀ kò wọ́n sí i. Agolo iyọ̀ ni wọ́n fi ń rà á nígbà náà. Ohun tí wọ́n fi ń rà á báyìí, mo ń bọ̀ wá sọ ọ́.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ọ́fíìsì àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ní Wharf Road. Ọ̀rẹ́ mi ń gbé ẹrù létí omi, ó wà lára àwọn tí à ń pè ní dókà. Nínú ilé kan ní Ajégúnlẹ̀, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Èmi ń fi ìwé jẹun, òun ń fi èjìká jẹun, orí ẹní kan náà la sì ti ń jẹ ẹ́. Nígbà tí kéréènì, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èjìká, ó wọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nítorí pé ohùn rẹ̀ kò tíì rẹ̀. Bí ó ṣe di alága ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa nìyẹn, ó sì wà nípò náà fún ọdún gbọọrọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí alága wọ́ọ̀dù ń gbà fún yín. Kò gba nǹkan kan. Àga tó fi jẹ́ alága gan-an, ti ìyàwó rẹ̀ ni, àga onígi tí obìnrin náà fi ń jókòó ta ẹja yíyan fún àwọn awakọ̀ tírélà ní ibùdókọ̀ Coconut. Bí ìpàdé bá ti wà, ìyàwó a dìde, àga a lọ sí ìpàdé. Iṣẹ́ ni kò wọ́n ọn. Bí tírélà bá fi ẹ̀yìn wó ògiri ẹnìkan, Alága ni wọn yóò ké sí. Bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ ẹnìkan, Alága. Bí tọkọtaya bá ń bá ara wọn jà, tí wọ́n sì fẹ́ kí ẹlòmíràn gba díẹ̀ nínú ìjà náà, Alága. Yóò wọ bàtà rẹ̀, yóò lọ.

Gbogbo àdúgbò ló sì gbà pé ó ń jẹ owó wọ́ọ̀dù. Owó wọ́ọ̀dù yìí, kò sí ẹni tó fojú rí i rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ iye rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wá bá mi níwájú ilé. Ó ti gbọ́ pé Ọnọrébù wa, tó ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀, fẹ́ fi ọ̀gá páàkì tírélà kan ní Coconut rọ́pò òun.

"Wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi," ó ní.

"Kí ni wọ́n fẹ́ gbà? Àga ìyàwó rẹ?"

"Má bá mi ṣeré, jàre. Orúkọ náà ni. Ṣé o mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń pe orúkọ àbísọ mi mọ́, àfi ìwọ? Èjìká ti lọ, àwọn ọmọ ti lọ sókè òkun. Bí wọ́n bá tún mú Alága kúrò, kí ni wọn ó máa pè mí? Bàbá Ẹlẹ́ja?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Mo wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Àgbàlá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni a ti ṣe ìpàdé náà. A jókòó títí. Jíìpù Ọnọrébù ti há sáàárín àwọn tírélà tó tò láti èbúté Tin Can, ló bá sọ̀kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn dé. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn, ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ fún mi rí.

Ọnọrébù ní òun gbọ́ pé aráàlú kò fọkàn tán àwọn òṣèlú mọ́ lórí owó tí wọ́n ń gbà. Nítorí náà, òun fẹ́ sọ tòun sétí gbogbo ayé. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, wọ́n sì ní kí èmi tí mo lọ yunifásítì bọ́ síwájú kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó oṣù. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rín fi gba gbogbo àgbàlá kí n tó parí gbólóhùn.

Ọkùnrin kan kígbe pé, "Ha, ẹ jẹ́ ká dáwó fún un!"

Ó wá kan àwọn àjẹmọ́nú. Mo ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: owó aṣọ, owó ìwé ìròyìn, owó àga àti tábìlì, owó epo ọkọ̀, owó àtúnṣe ọkọ̀ náà. A dé orí ọ̀kan tí mo ní láti dúró rò díẹ̀. Owó tí ìjọba ń san fún un nítorí ìyà tí iṣẹ́ náà ń fi jẹ ẹ́ ni. Mo ní, "Owó ìnira."

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi dìde. "Ọnọrébù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ìnira ta ni? Ṣé tiyín ni àbí tiwa?"

Ọnọrébù dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. "Tiyín ni, Màmá. Èmi kàn ń bá yín gbà á ni."

Àwọn ènìyàn hó yèè, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Títí di òní, n kò tíì gbọ́ òtítọ́ tó mọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu òṣèlú.

Lẹ́yìn èyí ni akọ̀wé wọ́ọ̀dù dìde láti kéde alága tuntun. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Wárì ni bàbá rẹ̀ ti wá. Píjìn ni wọ́n ń sọ nílé wọn, ìta ló ti kọ́ Yorùbá, ó sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni tí ajá ń lé. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò wí: pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti yan alága tuntun nípa ìfẹnukò, ìyẹn ni pé gbogbo wọn ti sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbà, kò sí ìdìbò mọ́. Ó gba makirofóònù, ó tún ohùn rẹ̀ ṣe.

"Inú mi dùn láti kéde fún yín pé, àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ wa ti yan alága tuntun nípa ìfẹnukonu!"

Díẹ̀ bíńtín ló fi kún ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n díẹ̀ bíńtín yẹn ti sọ ìpàdé àwọn àgbà di ohun tí tọkọtaya ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn.

"Na who kiss who?" lẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Akọ̀wé, ṣé o wà níbẹ̀ ni àbí wọ́n ròyìn fún ọ?"

"Ẹ wo ètè ọ̀gá páàkì, ó ti wú!"

"Àsìtàgàfúrúlàhì!" ni Alhájà kan ń wí, ó fi ìborùn bojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. "Àwọn bàbá arúgbó yìí náà!"

Akọ̀wé kò mọ ohun tó ṣe. Ó rò pé wọn kò gbọ́ ni, ó bá tún un wí, ó sì pariwo rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi gba makirofóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi náà wà lára àwọn àgbà ẹgbẹ́. Ẹnu mi kò kan ẹnu ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi nìyí, ẹ bi í."

"Kò tilẹ̀ kan tèmi!" ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Nígbà tí ẹ̀rín máa fi rọlẹ̀, ìfẹnukò ti kú. Kò sí ẹni tó tún lè dárúkọ rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi ní kí a tò, kí kálukú to ara rẹ̀ sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́, lójú gbogbo ayé. Wọ́n dáhùn lóhùn kan pé, "A ó tò! A ó tò!" Mo wo ojú rẹ̀. Ojú ìgbà tí a ṣì wà léwe ni, tó bá gbé ẹrù tí ẹni méjì kò lè gbé. Ó dá a lójú pé òun ti wọlé.

Ọnọrébù náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí aráàlú bá fẹ́ ni òun fẹ́, ṣùgbọ́n kí a tó tò, ẹ̀bùn kékeré kan wà. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín abọ́ ike. Abọ́ náà dára, n kò ní purọ́. Àwòrán Ọnọrébù wà nínú rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá jẹ ẹ̀bà tán ni yóò tó rí i.

A sì tò.

Àwọn tó rẹ́rìn-ín jù, àwọn tó pariwo "A ó tò" jù, ẹ̀yìn ọ̀gá páàkì ni wọ́n lọ, abọ́ lábíyá. Ìlà wọn gba ẹnu géètì jáde sí títì. Ọ̀gá páàkì kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ìdí tí yóò fi sọ ọ́. Lórí ìlà yẹn ni mo ti rí obìnrin aránṣọ tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ògiri rẹ̀ ni tírélà wó nígbà kan, ọ̀rẹ́ mi ló sì dúró ní páàkì, tí kò kúrò títí tí wọ́n fi wá tún un mọ.

"Ìwọ náà?" ni mo bi í.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Alága dáa, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Kí ẹlòmíràn náà jẹ."

"Kí ló jẹ? Wá wo ilé rẹ̀."

"Èyí tí wọn ò jẹ́ ká rí yẹn gan-an ló ń bani lẹ́rù."

"Tí mo bá sọ fún ọ pé kò jẹ nǹkan kan ńkọ́?"

Ó fi àánú wò mí. "Bàbá, tí wọ́n bá wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá tí wọn ò rí nǹkan kan jẹ, ṣé àwọn ló máa wá rí nǹkan fún wa?"

Wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì bí a ṣe ń tú àríyànjiyàn palẹ̀. Èyí kò ṣeé tú. Bí ọkùnrin náà bá jẹ, olè ni. Bí kò bá jẹ, ọ̀lẹ ni. Ọnọrébù sọ owó oṣù tirẹ̀, gbogbo wọn fi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tò sẹ́yìn ẹni rẹ̀. Bóyá ohun tí wọ́n ń pè ní ìfọkàntán nìyẹn: kí o mọ irú irọ́ tí ẹnìkan yóò pa, kí ó sì pa á bí o ṣe rò ó.

Wọn kò kà wá. Ọnọrébù ní kò yẹ kí a fi kíkà dójú ti àgbàlagbà. Ọ̀rẹ́ mi yíjú wẹ̀yìn, ó wo ìlà wa láti orí dé ìdí, kò sì pẹ́ tó fi wò ó tán.

"Ìlà yìí mọ́," ó sọ fún mi. "Kò sí ẹyọ ẹnìkan tí wọ́n rà nínú rẹ̀."

"Kò sí ẹni tó dá iye lé wa ni."

Ó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ gba abọ́ tirẹ̀. Ó ní ọkọ òun lè fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí abọ́ náà fi gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ó gbé àga rẹ̀ lérí, ó fi abọ́ lé orí àga, ó padà sí Coconut.

Alága tuntun ní àga tó ń yí ní ọ́fíìsì rẹ̀, fóònù rẹ̀ kì í sì í wọlé. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ mi. Aránṣọ yẹn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá. Ọlọ́pàá ló mú àbúrò rẹ̀. "Alága, ẹ gbà mí o." Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé mi. Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi yóò ní kó lọ bá alága tó tò sí lẹ́yìn. Ó ní, "Kí ni mo gbọ́ pé o pè mí?" Obìnrin náà tún un pè. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó bá a lọ.

Wọ́n gba ipò náà, wọ́n gbàgbé láti gba orúkọ. Àdúgbò kò sì dẹ́kun à ń sọ pé owó wọ́ọ̀dù tó kó pamọ́ láyé ìgbà yẹn ló ṣì ń jẹ.

Ìlà wa kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí mo ṣì lè rí gbogbo wa bí mo bá dijú. Ẹni tó dúró tẹ̀lé ọ̀rẹ́ mi, tó wa kéréènì láyé rẹ̀, ti kú. Àgbà kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní Tin Can, tó gbọ́ èdè tí gbogbo oníbodè ń gbọ́, ti kú. Àwọn ìbejì méjì tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù: ọ̀kan ti kú, ìkejì wà ní Bàdágírì lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, a kò sì tíì sọ fún un. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi wà, òun ni yóò sin gbogbo wa. Èmi náà wà, bí orúnkún ṣe gbà mí láyè. Ọ̀rẹ́ mi wà láàyè. Bí ẹ bá dé àdúgbò wa, tí ẹ pe Alága, òun ni yóò dáhùn.