Aago Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Tú Ìdáná Mi Ká

Ọmọ mi, nígbà tí o fi aago tuntun rẹ hàn mí láàárọ̀, tí o ní orílẹ̀-èdè Súísì ló ti wá, pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó jọ ti àtijọ́, ẹ̀rín pa mí. Irú rẹ̀ gan-an ni bàbá bàbá rẹ fi tọrọ mi nígbà tí Faransé ṣì ń jọba lé wa lórí. Máa kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Obì ni bàbá mi ń tà ní àdúgbò Amoutivé. Ọkọ mi, akọ̀wé rélùwéè nígbà náà, ra aago náà fún un. Kì í ṣe aago olówó gọbọi, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní irú ẹ̀ ládùúgbò wa. Wọn kì í yí i láràárọ̀. Ó ń yí ara rẹ̀.

Bàbá mi fi aṣọ funfun wé e, ó tì í mọ́ inú àpótí. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló ń so ó mọ́wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Gbogbo Jímọ̀ tó bá sì mú un jáde, á ti kú. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, inú bí i.

Ó sọ fún ìyá mi pé, "Ẹni tó fi òkú aago tọrọ ọmọ, kí ló fẹ́ fi bọ́ ọmọ ọ̀hún? Ẹ dá a padà fún un."

Omijé ń bọ́ lójú mi. Ìyá mi ní kí n gúnyán tán kí n tó gbé aago náà lọ. Mo so ó mọ́wọ́ kó má baà sọ nù, mo gbọ́mọ odó. Iyán ò tíì kúnná tí mo fi rí i tí ọwọ́ aago ń sáré.

Ìyá mi gbé e sétí. "Bàbá rẹ ló ń febi pa á. Mímì ọwọ́ ni oúnjẹ rẹ̀, òun sì ti ohun tó fẹ́ rìn mọ́lé."

A gbé e lọ bá bàbá mi. "Ta ló tún un ṣe?"

"Odó ni, baálé mi."

Ó ránṣẹ́ pe ọkọ mi. Ìyẹn dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹlẹ́ṣẹ̀.

"Akọ̀wé, jókòó. O ò sọ fún mi pé aago yìí ò fẹ́ràn ọ̀lẹ."

"Mo sọ, bàbá. Ẹ ní ẹ ti gbọ́."

Bàbá mi ń jẹ obì rẹ̀ lọ. Lóṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n so yìgì wa. Kó tó dìgbà náà, èmi ni mo ń bá bàbá mi so aago náà mọ́wọ́ láti Sátidé títí di Ọjọ́bọ̀. Mo ń fi lọ ata, mo ń fi gbálẹ̀, mo sì ń gbé e sétí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ọkàn mi lè balẹ̀.