Èèkù Eegun Ọ̀bẹ Iléyá

Ọ̀bẹ tí bàbá wa fi ń pa àgbò Iléyá kì í gbé ilé ìdáná. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló ń wà, nínú àkísà. Eegun màlúù ni èèkù rẹ̀. Ìyá wa ní ó funfun bí eyín nígbà tí òun wọlé ọkọ. Nígbà tí èmi gbọ́njú, ó ti pọ́n bí epo tó dì, ibi tí àtàǹpàkò ń tẹ̀ ń dán, ẹ̀gbẹ́ ìṣó rẹ̀ sì ti dúdú.

Lọ́dún yẹn, ìyàwó àbúrò mi, ọmọ Ìwàrà, kọ́kọ́ bá wa ṣọdún ní Òṣogbo. Ó rí ọ̀bẹ náà níbi tí wọ́n gbé e sí láti pọ́n. Ó rò pé ìdọ̀tí ló pọ́n bẹ́ẹ̀, ó bá rẹ èèkù rẹ̀ sínú omi bílíìṣì mọ́jú.

“Igi ni èèkù ọ̀bẹ tá a fi ń la obì nílé wa,” ó sọ fún mi. “Kò sí ohun tá ò fi fọ̀ ọ́ rí.”

Ní àárọ̀ ọdún, èèkù funfun báláú. Mo fọwọ́ kàn án: ó gbẹ bí ẹfun. Ìlà tín-ín-rín kan ti gba ẹ̀gbẹ́ ìṣó kọjá.

“Ìyàwó, o kú iṣẹ́,” ìyá wa wí. “O fọ ọjọ́ orí kúrò lára ẹ̀.”

Ọwọ́ ọ̀tún tí bàbá wa fi ń di ọ̀bẹ yẹn mú náà ló fi ń ṣiṣẹ́ abẹ́rẹ́ sára agbádá ní Ọjà Ọba. Òun la fi ń jẹun.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí alápatà bá wa pa àgbò náà,” mo wí. “Èèkù yìí ti sán.”

“Láti ìgbà wo ni alápatà ti ń pa àgbò nílé yìí?” Ó fi iṣẹ́ mi ṣe ẹ̀fẹ̀: “Ẹ̀yin oníròyìn, gbogbo nǹkan lẹ máa ń sọ di ìjàǹbá.”

A ti Yídì dé. Àbúrò mi di ẹsẹ̀ àgbò mú, mo di orí rẹ̀ mú. Bàbá wa fi ọ̀bẹ pamọ́ sẹ́yìn kí ẹran má baà rí i. Ó ní “Bisimilláhì,” ó sì fa ọ̀bẹ. Mo gbọ́ tí eegun èèkù dún pá. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ lọ sórí irin mímú.

Ìyá wa fi ìborùn rẹ̀ di ọwọ́ náà. “Alájì, ẹ ká ìka yín wò.”

Mẹ́ta ká.

“Ẹ wá ọ̀bẹ mìíràn, kí ẹran yẹn má jìyà,” bàbá wa wí. Ó ń wo ìka méjì tó kù.