Ìdè Wáyà Ọlọ́wọ́ Òsì

Èmi ni mo pa irọ́ náà, ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tó ti iléèwé dé tẹkúntẹkún, tíṣà ní ọwọ́ òsì tó fi ń kọ̀wé ò dáa. Ìyá rẹ̀ ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Kí n lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, mo ní, "Ọwọ́ òsì ni màmá ẹ náà ń lò. Òun ló kọ orúkọ igi sí àwọn páànù tí wọ́n so mọ́ gbogbo igi inú ọgbà ńlá yẹn." Òótọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́ nínú ọgbà náà, níbi tí wọ́n kó igi oríṣiríṣi jọ sí káwọn èèyàn lè wá wò wọ́n. Òótọ́ ni pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Ṣùgbọ́n kò mọ̀wé rárá.

Ẹkún dá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Kò sí fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi kankan nílé wa. Tí wọ́n bá ti gbé kámẹ́rà jáde báyìí, á ní òun fẹ́ lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Bóyá ìdí nìyẹn tọ́mọ ẹ̀ fi lọ kọ́ṣẹ́ fọ́tò nígbà tó dàgbà. Lọ́jọ́ tí ọgbà náà ní kó wá fi oṣù mẹ́ta kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn, ó fò mọ́ mi: "Àǹtí, wọ́n fẹ́ yọ gbogbo páànù orúkọ àtijọ́ kúrò lára igi. Èmi ni màá yà wọ́n kí wọ́n tó yọ wọ́n. Màá rí ọwọ́ ìkọ̀wé màmá mi!"

Ẹ wo wàhálà! Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo kí i kú oríire.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá obìnrin tó ń bójú tó fọ́tò fún un lófin kan: kó ya páànù, kó sì ya igi tó ni ín tẹ̀ lé e. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Àmọ́ nígbà tó rí páànù àkọ́kọ́, tó rí lẹ́tà róbótó róbótó tí wọ́n fi ìṣó họ sí i, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ìka tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin ti fò lọ. Páànù nìkan ló ń yà, ó sì sún mọ́ wọn débi pé lẹ́tà nìkan ló kún inú fọ́tò. Nígbà tó máa fi dọ̀sán, ó ti ya ọgọ́ta. Kò sí ewé kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ọ̀gá wò ó tìyanutìyanu. "Ṣé igi ni mo ní kó o yà ni àbí a-b-d?"

"Ẹ má bínú, mà. Màmá mi ló kọ wọ́n."

Bàbá arúgbó kan tó ń gé ewé nítòsí gbé àlùmọ́gàjí ẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ òsì tọ́mọ náà fi di kámẹ́rà mú. "Ọmọ Ọlọ́wọ́ Òsì! Ọmọ mi, èmi ni mo kọ wọ́n. Màmá ẹ ò mọ̀wé."

Ọmọ yìí sọ fún mi ní kíṣìnì nírọ̀lẹ́ pé ńṣe ló dà bíi pé màmá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Mi ò lè gbójú sókè. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ogún.

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Àárò ẹ̀ tó ń sọ ẹ́ ló—"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi ná."

Ó ní bàbá náà mú òun padà sídìí igi àkọ́kọ́. "Èmi ń kọ, màmá ẹ wà lára àwa tó ń fi wáyà so ó mọ́ igi. Wo wáyà yẹn. Ọ̀tún ni gbogbo àwa yòókù ń lọ́ ọ sí. Èyí tó bá lọ́ sí òsì, tiẹ̀ ni." Wáyà yẹn gan-an lọmọ yìí sì ti gé kúrò nínú gbogbo ọgọ́ta fọ́tò ẹ̀! Ó tún yíyà bẹ̀rẹ̀ látorí ti àkọ́kọ́: páànù, wáyà, igi.

Bàbá ní àwọn máa ń fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn. Igi tín-ín-rín bí ìka, á so ìdè tó lè gba ọrùn ọwọ́ èèyàn sí i. Á ní, "Ṣé kò ní dàgbà ni? Ta ló máa wá tú u fún un nígbà yẹn?"

Ọmọ náà na kámẹ́rà sí mi kí n wo fọ́tò igi kan tí wáyà ẹ̀ lọ́ sí òsì. Igi ọ̀hún ti sanra, ó ti kún inú ìdè náà, wáyà ò sì gé e lára.

"Àǹtí, ó fi àyè sílẹ̀ fún un."

Mo bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í jẹ́ kí wọ́n ya òun, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ rèé nínú fọ́tò. Ọbẹ̀ ń jóná lórí iná, kò sẹ́ni tó dìde nínú àwa méjèèjì.