Ẹni Tí Mo Ń Kúnlẹ̀ Kí ní Òkè-Baálẹ̀

Ọdún kan tí bẹntiróòlù ṣọ̀wọ́n lábẹ́ ìjọba ológun ni mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. N kò rí ọkọ̀ wọ̀ lọ sílé wa ní Iléṣà mọ́, ni mo bá ra ìwé ńlá kan, mo ní kí n kọ ìtàn Òkè-Baálẹ̀, àdúgbò tí mo wá lọ́kọ sí ní Òṣogbo. Mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ilé síbẹ̀ àti ẹni tó gbẹ́ kànga.

Ẹnì kan ṣoṣo ló takò mí: ẹni tí mo mọ̀ sí àbúrò ọkọ mi. Gbogbo ẹni tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, wọ́n fọ ẹsẹ̀ mi wọlé. Nígbà tí mo jáde wá kí àwọn ará ilé, mo rí ọmọ bí ọdún mẹ́fà kan tó ń fa egungun ẹran lẹ́bàá ìkòkò. Mo kúnlẹ̀ kí òun náà. Láti ọjọ́ náà títí orí mi fi funfun, àárọ̀ kan kò yẹ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ lásán nítorí orúnkún tó ń dùn mí, á dúró, á máa wo ilẹ̀ títí orúnkún náà yóò fi kàn án.

Nígbà tó gbọ́ nípa ìwé mi, ó pe ìpàdé ẹbí. Ó ní obìnrin tí wọ́n gbé wá láti Iléṣà kò lè kọ ìtàn ilé tó ti bá òun. Ó ní òun ń bọ̀ wá gba ìwé náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Mo sọdá gọ́tà lọ bá ìyá arúgbó kan ní agboolé kejì. Kànga ni mo lọ bi í. Ó sọ ti kànga tán, ló bá béèrè àlàáfíà ọmọ wọn. Mo ní ọmọ yín wo?

"Ọkọ rẹ aláriwo yẹn ni. Ilé wa níbí la bí i sí. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ ló tẹ̀lé òórùn ẹran lọ sọ́dọ̀ yín. Ìyàwó àgbà ilé yín ò bí ọkùnrin, ló bá dá a dúró."

Mo bi í pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi.

"O ti kúnlẹ̀ ká tó rí ọ. Ó sì dùn ún wò."

Nígbà tí ọkọ aláriwo náà wá gba ìwé, n kò dìde lórí àga. Ohùn kíláàsì ni mo fi ka ohun tí ìyá arúgbó sọ, tí mo ti kọ sínú ìwé, sí i létí. Ó wo ẹ̀yìn.

"Ìyàwó wa, ta ló tún mọ̀?"

Mo ní èmi ni, àti ẹni tó bá máa tẹ ìwé náà jáde. Ó ní kí la wá máa ṣe sí i. Mo ní orúnkún ń dùn mí, ọjọ́ sì ti pẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lójú gbogbo ilé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ilẹ̀ ṣì tutù. Ọmọ mẹ́sàn-án ló bí. Mo béèrè àlàáfíà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó ní kó dìde.