Ilé Aránṣọ Tó Fì Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kan

Tún-un-wọ̀n ni gbogbo wa ń pè é. Ẹni tó bá bá a ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan péré á ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá: "Tún un wọ̀n." Ilé onígi ló ń kọ́, èyí tí igi jẹ́ egungun rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, kì í sì í kan ìṣó mọ́ ọn. Á gbẹ́ ẹnu sára òpó, á gbẹ́ ahọ́n sí orí igi tó máa dábùú rẹ̀, ahọ́n á wọ ẹnu wọ̀ọ̀, á wá fi èèkàn igi gbá a mọ́bẹ̀. Bó bá ṣe é tán, abẹ ò ráyè kọjá láàárín wọn.

Ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti mọṣẹ́, àmọ́ bàbá ò dìídì kọ́ ọ. Ó ní obìnrin ò lè gbé ìtì igi. Ọdún méjì gbáko lọmọ fi ń gbálẹ̀ ìsọ̀, tó ń fojú jí iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, bàbá ti òde dé, ó bá igi méjì tí wọ́n so pọ̀ lórí tábìlì. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fà á, kò já.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

Lọ́jọ́ kejì, bàbá fún un ní ayùn tó máa jẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tí Tún-un-wọ̀n máa fi di ẹni àádọ́ta ọdún, ojú bàbá ti fọ́. Ìgbà yẹn ni aránṣọ kan ránṣẹ́ pe Tún-un-wọ̀n. Ilé tí bàbá kọ́ ní ọdún mẹ́rìndínlógójì sẹ́yìn ni aránṣọ yìí ń gbé, ilé náà sì ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ilẹ̀kùn ò ṣeé tì mọ́. Bó bá gbé kẹ̀kẹ́ òwú sórí tábìlì, ńṣe ló ń yí gbirigbiri lọ bá ògiri.

"Ẹ má bínú o, ọ̀gá," ni aránṣọ wí. "Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ àgbà láìdáa, àmọ́ iṣẹ́ bàbá yín ló yẹ̀ yìí."

Ọ̀rọ̀ ò lẹ́sẹ̀, ó sì ń rìn. Kí Tún-un-wọ̀n tó délé, ó ti dé etí bàbá. Ó bá bàbá lórí ìjókòó, tó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ mi ṣì," ni bàbá wí. "Èèyàn ṣáà ni mí."

Bí bàbá bá bínú ni, ì bá sàn fún Tún-un-wọ̀n.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó fi jáàkì ti igi àjà ilé náà kó má bàa wó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí pákó ara ògiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń ṣí i. Gbogbo ibi tí bàbá ti so igi pọ̀ ló ṣì dì mọ́ra bí ọjọ́ tó kọ́ ọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ní kí wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tí aránṣọ ń kó aṣọ oníbàárà sí kúrò ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti rí i. Igi kan wà tó máa ń wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ara òpó lọ sí ara igi àjà. Apá ni wọ́n ń pè é, òun ni kì í jẹ́ kí ilé yẹ̀. Wọ́n ti gé e, ó ku kùkùté lókè àti nísàlẹ̀.

"Ta ló gé igi yìí?"

Aránṣọ wolẹ̀. "Èmi ni. Kọ́bọ́ọ̀dù ò wọ ibẹ̀. Mo ṣe bí igi lásán ni."

"Ẹ gé èèyàn lápá tán, ẹ wá ń bi í pé kí ló dé tí kò lè gbẹ́rù."

Tún-un-wọ̀n ì bá lọ pariwo rẹ̀ láàárín ìgboro, kò sì sẹ́ni tó máa bá a wí. Ilé ló lọ, ó fa bàbá lọ́wọ́ wá. Bàbá fọwọ́ pa òpó láti ìsàlẹ̀ títí dókè, bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan kùkùté yẹn, ó dúró.

"Ayùn ni wọ́n fi gé e," ló wí. "Ayùn náà ò tiẹ̀ mú."

Aránṣọ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó tọrọ àforíjì. Kò sì fi mọ síbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti sọ̀rọ̀ ilé náà fún ló padà lọ bá, ó ní òun lòun jẹ̀bi.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Tún-un-wọ̀n fi gbé ilé náà nàró. Láràárọ̀, á yí jáàkì díẹ̀, á tẹ́tí sí bí igi ṣe ń dún, á fi í sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Nígbà tó dúró ṣánṣán, ó gbẹ́ apá tuntun wọ̀ ọ́, ó ní kí bàbá gbá èèkàn rẹ̀ wọlé. Òòlù àgbà ò tàsé lẹ́ẹ̀kan.

Bí wọ́n ṣe ń padà lọ sílé, bàbá ní, "Bí o ṣe so apá yẹn mọ́ òpó, èmi ò so irú ẹ̀ rí láyé mi."

Tún-un-wọ̀n di bàbá lápá mú. "Òkúta wà níwájú yín, Bàbá. Ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè."