Ọ̀rọ̀ tí Wọ́n Sọ Lójú Wa ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Òórùn epo ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, lẹ́yìn náà èéfín funfun tó ń tú jáde lára ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, kí ojú bàbá mi tó wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ní àárín àwọn ọdún 1980. Rusholme ni à ń gbé ní Manchester, èmi, àbúrò mi ọkùnrin àti àwọn òbí wa. Ẹnjiníà ni bàbá mi, nọ́ọ̀sì ni ìyá mi. Bàbá mi kì í mú wa jáde. Bí a bá ní a fẹ́ lọ wo nǹkan, yóò bi wá bóyá a ti ka ìwé tó wà nílé tán. Ṣùgbọ́n nígbà ìsinmi gígùn ilé-ìwé lọ́dún yẹn, ó yí padà bìrí. Bí Sátidé bá ti dé, yóò wọ kóòtù, yóò so táì, ìyá mi yóò di ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sínú ike, a ó wọ bọ́ọ̀sì lójú Wilmslow Road, ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Kò síbi tí a kò dé. A lọ wo òkú àwọn ará Íjíbítì tí wọ́n fi aṣọ wé. Bàbá mi ní kò yẹ kí òkú olóókú máa gbàlejò, síbẹ̀ kò kúrò níwájú wọn títí wọ́n fi fẹ́ tilẹ̀kùn. A lọ wo àwọn àwòrán ńlá. Ó fọwọ́ bo àbúrò mi lójú níwájú àwọn obìnrin tí kò wọṣọ, ó wá gbàgbé láti bo tirẹ̀. Ìyá mi ló rán an létí. A lọ sí ilé àtijọ́ tó wà nínú ọgbà ní Wythenshawe, a jókòó lórí koríko, a jẹ ìrẹsì wa, àwọn òyìnbó ń wo ẹran ẹnu wa. Èmi òpè, mo ń yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé bàbá mi ti di bàbá inú tẹlifíṣọ̀n. N kò bi ara mi pé kí ló ń lé ọkùnrin náà.

Òyìnbó ni wọ́n ń bá wa sọ nílé. Yorùbá, tiwọn ni. Òun ni wọ́n fi ń sọ ohun tí etí ọmọdé kò gbọdọ̀ gbọ́: ìjà ọkọ àti aya, àìsàn, ọmọ ta ni lágbájá bí. Wọn kì í wọ yàrá lọ kí wọ́n tó sọ ọ́. Wọn á kàn yí èdè padà lójú wa níbẹ̀, àwa yóò sì máa jẹun wa lọ.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti àwọn ẹ̀rọ la wà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin yẹn ti ń hó. Bàbá mi ń fi Yorùbá bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lókè orí wa, ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá mi mú áńkáṣíìfù, ó nu ojú.

"Ó máa pẹ́ o, Dádì," ó ní. "Ó máa pẹ́ gan-an."

Ó dùn létí wa, àwa ọmọ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi gbé e, mo gbè é, ó di orin. Lókè bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà sílé, "Ó máa pẹ́, ó máa pẹ́" la ń pa, a ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Bàbá mi tí kì í gba ariwo láyè jẹ́ ká máa pariwo lọ. Ìyá mi kọjú sí fèrèsé títí a fi dé Rusholme.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Nàìjíríà. Wọ́n ní ọlidé ọ̀sẹ̀ méjì ni. Nílé ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn òbí wa ní àwọn fẹ́ lọ kí ẹbí kan l'Ékòó, àwọn á dé lọ́jọ́ Sunday. Ìyá mi gbá mi mọ́ra títí ọrùn fi ń ro mí. Mo ní kó bá mi ra bisikíìtì bọ̀. Sunday dé, Sunday lọ. Lọ́jọ́ tí ilé-ìwé wọlé, ìyá àgbà mú aṣọ ilé-ìwé jáde nínú àpótí, ó sì bá mi mu rẹ́gí. Mo wá rántí pé ìyá mi ti fi téèpù wọn mí ní pálọ̀ wa, tó ní aṣọ Kérésì ni.

Ẹgba àti ebi ló kọ́ mi ní Yorùbá, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, mo ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà nígbà tí aládùúgbò kan yà kí i.

"Ìyá, ìgbà wo làwọn òbí àwọn ọmọ yìí ń bọ̀?"

Ìyá àgbà kò gbójú sókè. "Ó máa pẹ́."

Ọwọ́ mi dá dúró nínú igbá. Inú bí mi débi pé omijé kọ̀, kò wá. Kì í ṣe pé wọ́n fi mí sílẹ̀ ló dùn mí jù. Ojú mi ni wọ́n ti sọ ọ́, èmi fúnra mi ni mo sì bá wọn kọ ọ́ lórin. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kí n tó tún rí Manchester, nínú àwọn ọdún 1990. Mo kúnlẹ̀ kí wọn bí ọmọ tí a kọ́, mo jẹun, mo sì sọ ọ́.

"Dádì, ẹ purọ́ fún wa. Iwájú wa lẹ ti sọ ọ́, ẹ ò sì sọ ọ́ fún wa."

Ojú bàbá mi tàn yòò. Ó pe ìyá mi láti kíṣìnnì. "Wá o! Wá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ ẹ! Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣé o rí i pé a ò ṣàṣìṣe?"

Ẹ̀rín ń pa á. Ẹ̀sùn ni mo kà, oríyìn ló gbọ́. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ tó ti gbẹ.

"Mo ní ká sọ fún yín," ó ní. "Ọjọ́ yẹn gan-an, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, mo sọ ọ́."

"Èdè wo lẹ fi sọ ọ́, Mọ́mì?"

Ó padà sí kíṣìnnì, n kò sì tún béèrè.

Bàbá mi ti lọ báyìí, ìyá mi ti darúgbó, mo sì ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo rí i pé wọ́n fẹ́ràn wa, mo rí i pé ẹ̀rù ìlú òyìnbó ń bà wọ́n. Inú ṣì ń bí mi. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ tèmi ti wà lọ́mú ni mo ti ń bá wọn sọ Yorùbá, nínú ilé wa ní Fallowfield. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n máa ń fi mí ṣàpẹẹrẹ fún àwọn ìyàwó kékeré pé mo fẹ́ràn àṣà. Mo máa ń ní ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ń jẹun alẹ́ nígbà tí ọkọ mi rẹ ohùn sílẹ̀, ó fẹ́ fi Yorùbá ìjìnlẹ̀ bá mi jíròrò lórí ilé-ìwé tí a fẹ́ gbé ọmọ wa obìnrin lọ. Ọmọ náà kò gbójú kúrò lórí abọ́.

"Dádì, mo ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ o, just so you know."

Ọkọ mi wò mí. Mo mú ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò, mo fi sínú abọ́ ọmọ náà.